Dísíìkì Kọ́ Ló Jẹ̀bi

*Ìbéèrè yín lórí ọkọ̀, ìdáhùn láti ọwọ́ Ọ̀gá Mẹkáníìkì*

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá Mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo, Toyota Corolla ọdún 2005 ni mo ń wà. Ojú mi ti rí màbo lọ́wọ́ ọkọ̀ yìí láti bí ọdún kan. Tí mo bá ń sáré bọ̀ ní 90 tàbí 100, tí mo wá tẹ bíréèkì, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà ń ṣe, ibi tí mo fẹsẹ̀ tẹ̀ náà á sì máa ta mí lẹ́sẹ̀ gìrì gìrì. Bí n kò bá ti tẹ bíréèkì, geere ló ń lọ. Mẹkáníìkì mi ní dísíìkì, irin pẹrẹsẹ tí bíréèkì ń fún mú, ti tẹ̀, ó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fá a. Ó dára fún oṣù méjì, ó tún padà. Mo ra dísíìkì tuntun méjì pẹ̀lú páàdì tó ń fún wọn mú. Oṣù mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí ó ní ráàkì sítíárìn, irin tó ń yí táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì, ni kí n lọ rà. Owó olùkọ́ ni mo ń ná o, ọ̀gá. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n tà á kí n sinmi. Kí ni kí n ṣe? — *Ìyá Olùkọ́, Òṣogbo*

ÌDÁHÙN: Ìyá Olùkọ́, ẹ má tíì tà á, ẹ má sì tíì ra ráàkì kankan. Lẹ́tà yín yéni ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wá bá mi lọ. Àwọn yẹn á kàn ní "ọkọ̀ mi ń gbọ̀n", wọ́n á wá máa wò mí lójú.

Ẹ ní bí ẹ kò bá tẹ bíréèkì, geere ló ń lọ. Ìyẹn ti yọ táyà kúrò nínú ẹjọ́. Táyà tí bálánsìn rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í dúró de bíréèkì kó tó gbọ̀n, bí eré bá ti tó ló ń gbọ̀n. Ẹ ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ ti ń mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ iwájú ni. Ká ní ẹ̀yìn ni, ìdí lẹ ò bá ti mọ̀ ọ́n lórí àga. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà yín ni "oṣù méjì" àti "oṣù mẹ́ta" yẹn. Bí dísíìkì kò bá nípọn dọ́gba láti ilé ọlọ́jà, ọjọ́ tí ẹ gbé ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni yóò ti máa gbọ̀n. Èyí tó bá dára lónìí, tó dára lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nǹkan kan ló ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Nǹkan ọ̀hún ò kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fá dísíìkì, kò sì kúrò níbẹ̀ nígbà tí ẹ ra tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní ọdún 2003, mo ní oníbàárà kan tó ń wa Carina E. Ìṣòro yín yìí gan-an ló gbé wá. Mo pààrọ̀ dísíìkì fún un lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta, owó ara mi ni mo fi rà á, nítorí ojú ti ń tì mí láti tún sọ iye fún un. Àgbàlagbà kan tó ń fá irin ní ẹ̀rọ léètì nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi ló rí mi tí mo tún gbé dísíìkì Carina yẹn dání, ó wò mí títí, ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí, o ń pààrọ̀ ẹní, ṣé o gbá ilẹ̀ tí o ń tẹ́ ẹ lé?" Mo rò pé ó ń bú mi ni. Nígbà tí mo délé tí mo tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, mo wo ojú họ́ọ̀bù tí dísíìkì ń jókòó lé, àfi bí ìdí ìkòkò àmàlà. Ó ti dógùn-ún, ìpẹtà ti gbé pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́ sí i lára. Gbogbo dísíìkì tuntun tí mo ti rà, orí pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́ yẹn ni mo dè é mọ́.

Ẹ̀yin náà ti gbé àwo sórí rí. Bí òṣùká bá ga díẹ̀ ní apá kan, àárín orí lè má fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n etí àwo á ti dà wálẹ̀, epo á sì ti máa kán sí yín léjìká. Họ́ọ̀bù ni òṣùká, dísíìkì ni àwo. Ìpẹtà tín-ń-tín lábẹ́ rẹ̀, etí dísíìkì á máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bó ti ń yí. Toyota ò gbà kí ó yẹ̀ ju 0.05 mílímítà lọ. Bí fọ́nrán irun orí kan ni ìyẹn, ojú lásán ò lè rí i.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá dè é, ọkọ̀ ò ní gbọ̀n, nítorí dísíìkì ṣì nípọn dọ́gba yíká. Páàdì méjèèjì á kàn máa tẹ̀lé e bó ti ń yẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò tẹ bíréèkì pàápàá, ibi tó yẹ̀ yẹn á máa fi ara nu páàdì fẹ̀ẹ́rẹ́, ojú kan náà, ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Táyà 195/65 R15 tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín máa ń yí bí ìgbà 500 nínú kìlómítà kan. Láti Òṣogbo dé Ìbàdàn, ó ti ju ọ̀kẹ́ méjì lọ. Díẹ̀díẹ̀, ojú ibẹ̀ á jẹ, á sì tín-ín-rín ju ibi yòókù lọ. Nígbà tó bá wá tín-ín-rín tó, tí ẹ tẹ bíréèkì, páàdì á máa wọlé ní ibi tó tín-ín-rín, á máa jáde ní ibi tó nípọn, á máa ti ọ́ìlì padà sí ẹsẹ̀ yín. Ní eré 100, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí bí ìgbà mẹ́rìnlá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni ẹ ń gbọ́ ní gìrì gìrì yẹn. Dísíìkì ò tẹ̀ o, ibi kan ló jẹ lára rẹ̀, ìpẹtà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sì jẹ́ kó jẹ.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ gbé ìwé ìròyìn yìí lọ fún mẹkáníìkì yín, kó ka ibi tó kàn yìí. Ẹ má bá a jà, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ wa níṣẹ́ nìyẹn.

Kí ó gbé ọkọ̀ sókè, kó fi nǹkan tó le gbá abẹ́ rẹ̀ mú yàtọ̀ sí jáàkì. Kó tú táyà, kó tú kálípà tó gbá páàdì mú, kó sì fi okùn so ó kọ́, kí ó má jẹ́ kó máa fì lórí rọ́bà ọ́ìlì. Bí dísíìkì bá lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, kó má fi òòlù lù ú bí ẹni tó ń lu irin àgbẹ̀dẹ. Ihò kéékèèké méjì tó ní eyín bóòtù nínú wà lójú dísíìkì Corolla. Bóòtù mílímítà mẹ́jọ ló ń wọ̀ ọ́. Kó de bóòtù sí méjèèjì, kó máa yí wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, dísíìkì á fúnra rẹ̀ bọ́ jáde. Ọmọ iṣẹ́ mi kan rí èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó pariwo bí ẹni rí idán.

Kó wá mú búrọ́ṣì onírin àti sáńpépà, kó ha ojú họ́ọ̀bù títí tí yóò fi máa dán, pàápàá ìdí bóòtù márààrún níbi tí ìpẹtà máa ń sá pamọ́ sí. Kó ha inú dísíìkì náà, níbi tó ti ń kan họ́ọ̀bù. Tí dísíìkì bá jẹ́ tuntun, wọ́n máa ń fi òróró sí i lára kí ó má bàa dógùn-ún ní ilé ìtajà. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kó fi fọ̀ ọ́, kó nù ún gbẹ. Ẹlòmíràn á ní bẹntiróòlù ni, mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tó jó nítorí bẹntiróòlù àti sìgá, n kò fọwọ́ sí i.

Kó yọ irin méjì tí kálípà ń rìn lórí rẹ̀. Bí ó bá fi ìka fà á, ó yẹ kó máa lọ kó máa bọ̀ wọ́ọ́rọ́. Bí ọ̀kan bá ti le síbẹ̀, páàdì ò ní lè kúrò lára dísíìkì, á máa jó o ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ̀yin gan-an lè mọ ìyẹn láìtú nǹkan kan: tí ẹ bá ti ìrìn àjò dé, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ń ṣe ṣàà, tí èkejì dákẹ́, ẹ mọ èyí tí kálípà rẹ̀ ti gan. Gíríìsì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì ni kó fi sí irin yẹn. Gíríìsì béárìn máa ń mú kí rọ́bà ibẹ̀ wú, yóò sì tún gan padà.

Nípa dísíìkì yín tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ báyìí, kí wọ́n wọn bí ó ṣe nípọn tó. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, "MIN TH" ló máa ń ṣíwájú rẹ̀. Bí ó bá ṣì ju nọ́ńbà yẹn lọ dáadáa, kí wọ́n fá a, a ò nílò tuntun. Bí ó bá ti sún mọ́ ọn, ẹ pàdánù rẹ̀ nìyẹn, ẹ ra méjì pa pọ̀. A kì í pààrọ̀ ẹsẹ̀ kan fi èkejì sílẹ̀.

Ó wá ku fọ́kànáísà. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń lẹ táyà. Ẹ rántí dáadáa bóyá kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ lẹ táyà, tàbí tí wọ́n gbé táyà ẹ̀yìn síwájú, ni gbígbọ̀n yìí máa ń yára padà. Mo ti rí wọn tí wọ́n ń ki páìpù bọ ẹnu sípánà, tí ọmọkùnrin gìrìwò kan ń gùn ún lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Wọ́n á de nọ́ọ̀tì kan pa, kí wọ́n tó fọwọ́ kan èkejì. Bí a bá de ẹsẹ̀ ọkọ̀ báyẹn, dísíìkì á wọ́ lórí họ́ọ̀bù tó mọ́ tónítóní pàápàá. 103 ni Toyota kọ fún nọ́ọ̀tì Corolla, ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Nm. Ẹni tó bá ní sípánà oníwọ̀n, kó fi sí i. Ẹni tí kò bá ní, kó rò ó báyìí: bí sípánà bá gùn ní 40 sẹ̀ǹtímítà, agbára tí yóò fi tẹ ìpẹ̀kun rẹ̀ kò ju bí ìwúwo ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì àti díẹ̀ lọ. Ọwọ́ kan tó bára dé tó o. Kó máa fo ọ̀kan kọjá bó ti ń dè é, láti apá kan sí òdìkejì, bí ẹni tó ń ya ìràwọ̀ oníka márùn-ún. Kó kọ́kọ́ dè gbogbo wọn díẹ̀, kó tó tún wọn yí ká. Lẹ́yìn bí 100 kìlómítà, kó tún wò wọ́n. Èmi máa ń fi sípánà mi sínú búùtù, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ fọ́kànáísà, èmi ni mo ń de nọ́ọ̀tì mi. Wọ́n ti sọ mí ní oríṣiríṣi orúkọ, kò kàn mí.

Ní ti ráàkì: kí ó gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kó di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì, kó mì í. Bí ó bá ń ṣe kọ̀ǹkọ̀, ìka tàì-róòdù tàbí ráàkì lè ní ẹjọ́. Kó di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kó tún mì í, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí béárìn nìyẹn. Àwọn yìí lè mú kí gbígbọ̀n kékeré di ńlá, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró de bíréèkì nìkan. Bí gbogbo rẹ̀ bá le dan-in dan-in, ẹ fi owó ráàkì yín sápò.

Tí wọ́n bá ti ṣe é tán, ẹ kọ́ páàdì náà ní ìwà. Ẹ wá ọ̀nà tó dá, ẹ sáré dé 60, ẹ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ á fi bọ́ sí 15, ẹ má dúró, ẹ tún gbéra. Bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá bẹ́ẹ̀. Kí ẹ wá máa wà á lọ jẹ́jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Bí ẹ bá sì ti eré bọ̀ tí ẹ bá àwọn ọlọ́pàá lójú ọ̀nà lójijì, tí ẹ fi agbára dúró, ẹ má tẹ ẹsẹ̀ mọ́ bíréèkì gbígbóná yẹn pinpin. Páàdì á lẹ ara rẹ̀ mọ́ ojú kan dísíìkì, ibẹ̀ á sì nípọn ju ibòmíràn lọ, gbígbọ̀n á tún dé láti ọ̀nà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ rọra sún bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò bínú sí ẹsẹ̀ bàtà kan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, Micra ni mo fi ń ná Ìwó Road sí Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn. Sítíárìn mi ò gbọ̀n rárá, ìdí ni mo ti ń mọ̀ ọ́n tí mo bá tẹ bíréèkì, àwọn èrò ẹ̀yìn náà ń bú mi. Ọ́ìlì bíréèkì rẹ̀ tún máa ń lọ sílẹ̀. Bí kò bá sí owó lọ́wọ́, omi ọṣẹ ni mo ń bù sí i, ó sì ń mú. Ṣé dísíìkì ni témi náà? — *Ọmọ Ìbàdàn*

ÌDÁHÙN: Àbúrò, kí n tó sọ nǹkan mìíràn, gbé ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ lónìí. Omi ọṣẹ kì í ṣe ọ́ìlì. Ó ń mú ní àárọ̀ nítorí pé ó ṣì tutù. Ọ́ìlì DOT 3 tuntun kì í hó títí ooru yóò fi kọjá 205 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì. Omi ń hó ní 100. Tí o bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Gate títí dé Bẹẹrẹ, tí ẹ̀yìn gbóná, omi yẹn á hó di ooru omi bíi ti ẹnu ìkòkò. Ooru omi ṣeé fún pọ̀, ọ́ìlì ò ṣeé fún pọ̀. Wàá tẹ ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á rì dé ilẹ̀, ọkọ̀ ò ní dúró. O sì kó èrò mẹ́rin. Omi náà tún ń jẹ irin inú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé òun ló bẹ̀rẹ̀ jíjò tí o ń wò yẹn.

Ẹ̀yìn Micra rẹ kò ní dísíìkì, dírọ́ọ̀mù ló ní, irin róbótó tó dà bí ìkòkò, tí bíréèkì ṣúù ń tẹ̀ láti inú. Ohun méjì tí o sọ, gbígbọ̀n ìdí àti ọ́ìlì tó ń dín, mo fura pé ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Wíìlì sílíńdà tó wà nínú dírọ́ọ̀mù, èyí tí ọ́ìlì fi ń ti ṣúù, ló ń jò. Ọ́ìlì á rin bíréèkì ṣúù, ṣúù tó rin á máa gbá dírọ́ọ̀mù mú, á máa fi í sílẹ̀, bí ọmọ tó ń sunkún. Tú dírọ́ọ̀mù méjèèjì. Bí inú rẹ̀ bá tutù tàbí tó dọ̀tí mọ́ra bí ẹni pé wọ́n da epo sí i, pààrọ̀ sílíńdà àti ṣúù, má fọ ṣúù yẹn sá sóòrùn kí o tún dá a padà. Mo mọ̀ yín.

Bí inú rẹ̀ bá gbẹ, dírọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ló ti yí, kò rí róbótó mọ́. Èyí tó máa ń fà á lọ́dọ̀ ẹ̀yin onítakisí ni pé ẹ ó sáré dé gáréèjì pẹ̀lú ẹ̀yìn tó gbóná bí iná, ẹ ó fa hánbíréèkì pinpin, ẹ ó lọ jẹun. Bó ṣe ń tutù ni ṣúù ń tẹ̀ ẹ́ níbì kan. Tó o bá fẹ́ mọ̀ dájú, wá ọ̀nà tó gbẹ tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú dára. Láìsí èrò, sáré dé 40, fi àtàǹpàkò tẹ orí hánbíréèkì mọ́lẹ̀, má yọ ọ́ kúrò, kí o rọra máa gbé e sókè. Bí ìdí rẹ bá gbọ̀n bákan náà, o ti mú olè. Wọ́n lè fá dírọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ nọ́ńbà "MAX" sínú rẹ̀. Bí inú bá ti fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àgbẹ̀dẹ ni kó o tà á fún.

Kí wọ́n tó dá ọ́ìlì tuntun sí i, kí wọ́n fọ omi ọṣẹ yẹn jáde ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí o bá rí i pé rọ́bà inú másítà, sílíńdà tí ẹsẹ̀ rẹ ń tẹ̀ láti ti ọ́ìlì, ti wú, pààrọ̀ òun náà. Mo mọ̀ pé owó ni. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ni.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, òjò mú mi ní Abẹ́òkúta, ewúrẹ́ kan já sọ́nà, mo gbá bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, nǹkan kan ń dún kẹkẹkẹkẹ lábẹ́ ọkọ̀. Camry 2008 ni. Láti ìgbà náà kò tún ṣe é mọ́. Kí ló bàjẹ́? — *Bàbá Ìbejì*

ÌDÁHÙN: Kò sí nǹkan tó bàjẹ́, Bàbá Ìbejì. ABS ni. Ẹ̀rọ yẹn ló ń tẹ bíréèkì tó sì ń tú u sílẹ̀ ní kíákíá kí táyà má bàa gan lórí omi, kí ẹ lè ṣì yí ọwọ́ kúrò lọ́nà ewúrẹ́. Ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rù ariwo yẹn, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọkọ̀ á fi dúró.

Àmọ́ bí ó bá ń ṣe kẹkẹkẹkẹ yẹn lórí ilẹ̀ gbígbẹ nígbà tí ẹ ń rọra wọ ẹnu géètì ilé yín, ẹ wá mi wá. Ìyẹn lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń sọ fún ABS bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń yí, ló dọ̀tí. Ewúrẹ́ ńkọ́, ṣé ó yè é?